Wàláà Oníná

Àìsàn kan wà tí mo gbé wá láti ilé. Mi ò lè jókòó ti ẹni tó ń kàwé kí n má yọjú wo ohun tó ń kà. Ní Ìwó tí wọ́n bí mi sí, èyí kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Wọ́n á ní kí n súnmọ́ tòsí kí á jọ kà á. Ní Peckham, ní London níbí, ńkọ́? Lọ́sẹ̀ tí mo dé, ọkùnrin kan pa ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ dé nínú bọ́ọ̀sì, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn. Mo gbóòórùn ara mi wò, mo rò pé òógùn ni.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé gbogbo èèyàn ìlú yìí ló ń ka nǹkan, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kà á. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ sí Camberwell láàárọ̀, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, máa ń kún fọ́fọ́, síbẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ "ẹ káàárọ̀" kan ṣoṣo. Èmi tí mo máa ń kí gbogbo ará àdúgbò tán nílé kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ẹnu mi á ti wúwo kí n tó débi iṣẹ́. Ọsibítù ló kó mi yọ. Iṣẹ́ mi ni láti wẹ àwọn aláìsàn, kí n tẹ́ ibùsùn wọn, kí n sì bá àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n gbé ṣíbí dé ẹnu. Àwọn arúgbó inú wọn fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń bi mí pé níbo ni Ìwó wà, èmi náà máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń kà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù wà nílé.

Alfa ni bàbá mi. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ni ilé-kéú wọn wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì. Wọn ò jókòó ní kíláàsì òyìnbó rí, wọn ò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéú ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ kọ, títí kan Yorùbá. Ọjọ́ ìbí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa, ọ̀rọ̀ wáàsí, orúkọ àwọn tó ṣàìsàn ládùúgbò tí wọ́n fẹ́ lọ kí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ báyẹn. Àwa ọmọ wọn mọ̀ ọ́n kà kí wọ́n tó mú wa lọ sílé ìwé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn ìrun. Bàbá á kí mi, wọ́n á kí àwọn tí mo ń tọ́jú, wọ́n á ṣàdúrà, ìbéèrè á wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún àìsàn mi. Ṣé òòrùn yọ lónìí? Ṣé àwọn arúgbó òyìnbó náà máa ń ṣe agídí tí wọ́n bá fẹ́ fún wọn lóògùn? Ẹyẹ wo ló ń ké níbẹ̀ láàárọ̀? Mi ò mọ orúkọ ẹyẹ kankan, mo sì máa ń lọ wádìí kí Jímọ̀ mìíràn tó dé.

Nígbà tó yá, etí wọn di.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Wọ́n á gbé fóònù fún Wàsíù, àbúrò mi tó ń bá wọn gbé. Wàsíù kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ tó gùn. Màá máa gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò máa lọ sókè, tí yóò máa lọ sílẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wàsíù á wá ní, "Bàbá ní ẹ kú iṣẹ́."

"Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kókó ẹ̀ nìyẹn."

Èmi ò wá kókó. Ìyókù ni mo ń wá.

A gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn. Bàbá kọ̀wé sínú pépà, Wàsíù yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ìka rẹ̀ sì bo ìdajì rẹ̀. Èmi náà kọ tèmi, ó gbé fóònù síwájú Bàbá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ta wọ́n lójú, nítorí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú wọn méjèèjì. Wọ́n ní kó gbé e kúrò. Wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ kò yẹ kó máa kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bàbá ti dàgbà. Mo rò ó pé ó lè jẹ́ "ẹ kú iṣẹ́" Wàsíù nìkan ni n ó máa gbọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Èèyàn lè gbé ní ìlú kan pẹ́ kí ó tó mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè ní London: ọjọ́ ìbí mi, àdírẹ́sì mi, bóyá mo lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ìbéèrè tó wúlò ni gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ẹyẹ mọ́.

* * *

Níbi àsàlátù wa ní Peckham, lọ́jọ́ Sunday kan, mo jókòó ti ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Alhaja Forest Hill, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n wá kọ́ ní ilẹ̀ yìí nígbà tí àwọn òbí mi ṣì wà lọ́mọdé, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Bí alfa ṣe ń ṣe wáàsí, Alhaja gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan lé itan, ó rí eérú-eérú, wọ́n ń fi kálámù kọ lẹ́tà kéú sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè gbójú kúrò. Mo rọra sún mọ́ wọn.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wàláà lẹ gbé dání ni?"

Wàláà ni pákó tí ọmọ kéú fi ń kọ̀wé nílé. Tàdáwà, yíǹkì àwọn alfa, la fi ń kọ ọ́. Tí a bá ti há ohun tó wà níbẹ̀ sórí, a ó fi omi fọ̀ ọ́, a ó kọ òmíràn sí i. Alhaja kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú ìborùn.

"Wàláà kẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn. E-reader ni. Àwọn ọmọ mi ló buy ẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n máa ka novel. Mi ò tí ì ka novel kankan níbẹ̀."

"Kí lẹ wá ń fi ṣe, Mummy?"

"Kí ni mi ò fi ṣe? Kùránì mi nìyí, mo ti jẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi bí ìkòkò. Tí hospital bá kọ letter sí mi, mo máa ń send ẹ̀ síbẹ̀. Minutes ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Crossword wà níbẹ̀. Wáàsí rèé tí mò ń kọ, tí o ò jẹ́ kí n gbọ́ mọ́."

Wọ́n gbé e fún mi. Mo yí i sókè, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé e súnmọ́ imú. Kò tàn, kò ta mí lójú, ó dákẹ́ síbẹ̀ bí pépà. Mo bi wọ́n pé tí ẹnì kan bá kọ nǹkan sí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣé mo lè rí i níbí. Wọ́n ní tí data bá ti wà níbẹ̀, kí ló dé tí n kò ní rí i? Mi ò gbọ́ wáàsí ọjọ́ náà mọ́ rárá.

* * *

Ọmọkùnrin Yorùbá kan tó ń jẹ́ Mùfú ló ń ta fóònù ní òpópónà Rye Lane, ní Peckham. Ìdajì ṣọ́ọ̀bù ni tirẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ẹja dídì ló ni ìdajì kejì, bí ẹ bá sì ra fóònù níbẹ̀, ẹ ó gbé òórùn titus délé.

"Aunty, romance lẹ fẹ́ràn àbí thriller?" ni Mùfú wí, lẹ́yìn tí mo ní e-reader ni mo wá rà.

"Mi ò fẹ́ ka ìwé kankan."

Ó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "E-reader lẹ sọ pé ẹ fẹ́ rà o."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi ò gbọ́ràn mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n máa fi bá mi sọ̀rọ̀."

Ó gbé àga fún mi. Àkọ́kọ́ tó mú jáde ń tàn yòò, ó ní oríṣiríṣi àwọ̀. Mo kọ bísímílà sí i láti ọwọ́ ọ̀tún, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé e bí Bàbá ṣe máa ń ṣe lórí wàláà, ẹ̀rọ náà sì ka ọwọ́ mi kún kálámù, ó fa ìlà wúruwùru gba ojú ìwé kọjá. Mo dá a padà fún un. Èkejì dára, ó mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí kálámù, ṣùgbọ́n kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Èyí lè wọ omi o," ni Mùfú wí. "Àwọn òyìnbó máa ń kà á nínú bath."

Ẹ̀rín pa mí. "Bàbá mi? Kí wọ́n gbé Kùránì wọ ilé ìwẹ̀? Gbé e sẹ́yìn jàre."

Ẹ̀kẹta tóbi tó wàláà gan-an. Mo bi Mùfú ní gbogbo ohun tó wà níkùn mi. Tí iná bá lọ ní Ìwó ńkọ́? Ó ní kì í jẹ iná bíi fóònù, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iná sí i. Ṣé lẹ́tà tí mo bá fi ránṣẹ́ á tóbi? Ó fẹ̀ ẹ́ títí ọ̀rọ̀ kan fi gba ojú ìwé. Báwo ni wọ́n ṣe máa fi ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́? "Wọ́n á tẹ ibí yìí, ó ti dé phone yín. Ṣùgbọ́n èyí ò fẹ́ omi o, Aunty."

"Wọn ò ní gbé e wẹ̀."

"Jẹ́ kó ra èyí tó tóbi," ni obìnrin ẹlẹ́ja wí láti ìdí fíríjì rẹ̀, bí ẹni pé òun la wá bi léèrè. "Ojú àgbàlagbà ni."

Bí mo ṣe yàn án nìyẹn.

* * *

Alhaja ń lọ sí Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ lò tó oṣù mélòó kan níbẹ̀. Wọ́n bá mi gbé e dé Ìwó, wọ́n jókòó sí abẹ́ máńgòrò, wọ́n kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń ṣí i, bí wọ́n ṣe ń fi ìka pa ohun tí wọ́n bá kọ rẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́.

Mò ń jẹ ìrẹsì tútù ní yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́ nígbà tí ojú ìwé àkọ́kọ́ wọlé. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn kí n tó ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ìkíni ló kún un láti òkè délẹ̀. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, kú òtútù, kú àìrójú, kú ìnáwó, wọ́n kí àwọn aláìsàn mi, wọ́n kí ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì mi. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àyè ti fẹ́ tán, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìyá tó gbé e wá ní ìwọ lo yàn án. O mọ nǹkan yàn. Ẹyẹ wo ló ń ké níbẹ̀ báyìí?"

Mo sunkún sínú ìrẹsì, inú mi sì dùn dọ́ba.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyókù ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Èmi á kọ tèmi sínú pépà pẹ̀lú lẹ́tà kéú wọ́gọwọ̀gọ, màá yà á ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ Bàbá. Wọ́n á tún àṣìṣe mi ṣe, wọ́n á dá a padà. Wọ́n ya àwòrán àgbò tuntun fún mi. Wọ́n ní àwọn ń fi ẹ̀rọ náà kọ lẹ́tà gàdàgbà fún àwọn ọmọ kéú tó jókòó sẹ́yìn. Wàsíù ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, àfi tí Bàbá bá ní kí òun ṣí data fún àwọn.

Lọ́jọ́ kan mo kọ òótọ́. Lórí fóònù mi ò lè sọ ọ́, torí gbogbo ilé ló ń gbọ́, ẹni tó bá sì lọ sókè òkun kì í fẹ́ sọ fún ará ilé pé ara kò rọ òun. Mo kọ ọ́ pé: "Bàbá, iṣẹ́ wà, oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n mo dá wà. Tí mo bá ti tilẹ̀kùn yàrá mi, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi títí n ó fi tún ṣí i."

Ìdáhùn wọn kò ní ìkíni nínú. Fátíhà, orí àkọ́kọ́ nínú Kùránì, ni wọ́n kọ, wọ́n tún un kọ, wọ́n tún un kọ, ó kún dé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orúkọ mi àti orúkọ ìyá mi wà nísàlẹ̀, bí àwọn alfa ṣe máa ń kọ ọ́ tí wọ́n bá ń tọrọ nǹkan fún èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí nǹkan kan mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo pe Wàsíù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yẹn ti kú."

"Kí ló pa á?"

"Bàbá ní kí n má sọ. Wọ́n ní Alhaja ló máa bá yín sọ ọ́."

"Ṣé ó já bọ́ ni?"

"Kò já bọ́."

"Ara Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bínú sí mi ni?"

"Ara wọn le. Wọ́n kàn ń tijú ni."

Ẹ wo ẹni tó ní irú àìsàn tèmi, kí wọ́n wá sọ ìyẹn fún un. Mo rò ó níbi iṣẹ́, mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Mo rò pé bóyá ọ̀rọ̀ mi ti wúwo jù fún arúgbó, pé kí n ti jẹ́ kí á máa sọ̀rọ̀ ẹyẹ lọ.

* * *

Nígbà tí Alhaja padà dé, mo lọ bá wọn ní Forest Hill lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà, tí Bàbá fi rán wọn sí mi, ka orí tábìlì, wọ́n gbé ìgò kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé tì í.

"Bàbá ẹ fọ̀ ọ́," ni wọ́n wí.

"Wọ́n fọ kí ni?"

"E-reader. Wọ́n kọ Fátíhà kún un, wọ́n send ẹ̀ sí ẹ, wọ́n wá bu omi sínú àwo tó mọ́, wọ́n fọ̀ ọ́ tójú-tẹ̀yìn."

"Mummy, ṣebí ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi ìka pa á rẹ́?"

"Mo kọ́ wọn. They knew. Wọ́n ní tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbò tàbí ọ̀rọ̀ ẹyẹ, àwọn máa ń fi ìka pa á. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ni àwọn á fi ìka nù bí ẹní nu àbàtà. Wọ́n ní ọmọ àwọn dá wà, àfi kó mu ún."

Mo wo ìgò náà. Nílé, bí ara ọmọ kò bá yá tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, alfa á kọ Kùránì sí wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́, ọmọ á sì mu omi náà. Mo ti mu ún nígbà tí mo ní ibà, mo mu ún nígbà tí mo fẹ́ ṣèdánwò. Mo mọ̀ pé àwọn alfa kan wà ní Peckham tó ń fi wáàsí bá omi yìí jà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni mò ń sọ.

"Wọ́n ní kí o má bínú," ni Alhaja wí. "Wọ́n ní láti kékeré àwọn ni àwọn ti ń fọ wàláà, èyí nìkan ni kò gbà kí àwọn fọ òun. Wò ó."

Mo gbé e. Ó ti kú, kò sí ibi tí mo tẹ̀ lára rẹ̀ tó dáhùn. Ṣùgbọ́n Fátíhà wà lójú rẹ̀ digbí, láti etí dé etí, pẹ̀lú orúkọ mi nísàlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, Alhaja sì jẹ́ kí n sun ún tó.

"Nọ́ọ̀sì ni mí," ni wọ́n wí nígbà tó yá, "kò yẹ kí n sọ pé kí o mu omi tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti mu tèmi ní Ìwó."

Mo ṣe bísímílà, mo mu ún tán. Kò sí tàdáwà níbẹ̀, kò korò, omi lásán ni.

* * *

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Mùfú. Ó yí i wò, ó ní irú ojú ẹ̀rọ yìí, ohun tó bá wà níbẹ̀ nígbà tó kú ló máa dúró síbẹ̀.

"Mo lè ṣí i wò, Aunty. Ó ṣeé ṣe kó jí. Ṣùgbọ́n tó bá jí, ohun tó wà lójú ẹ̀ yìí á lọ."

"Má ṣí i."

"Ẹ ò fẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Mú kékeré ọjọ́sí wá, èyí tó lè wọ omi."

"Ṣebí ẹ ní bàbá kì í gbé e wọ bath?"

"Wọn kì í gbé e wọ bath. Wọ́n máa fọ̀ ọ́."

Obìnrin ẹlẹ́ja ní òun ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn pé kékeré yẹn ló dáa.

Mo gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tuntun tí mo rà wà nínú àpò mi, mo gbé èyí tó kú lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo itan mi, ó wo fèrèsé, ó tún wo itan mi, ó rọra na ọrùn. Mo mọ àìsàn yẹn dáadáa. Mo kí i káàárọ̀, mo sún ẹ̀rọ náà sáàárín àwa méjèèjì, kí á lè jọ wò ó.